Mo Fẹ́ Kí Wọ́n Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù Ọkọ̀ Náà Kí Ẹnikẹ́ni Tó Yẹ̀ ẹ́ Wò

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi síta. Ìyá ọkọ mi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ọkọ mi ló wa ọkọ̀ náà, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun lòun pa ìyá òun. Òun kọ́. Mo mọ̀ pé òun kọ́, mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé mi ò tíì sunkún o, torí mo mọ̀ pé àwọn kan máa bi mí. Látọjọ́ tọ́rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, omi kan ò jáde lójú mi. Níbi ìsìnkú, èmi ni mò ń to àga, èmi ni mò ń pín omi fáwọn èèyàn, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ fúnra wọn pé ẹ wo bó ṣe strong, Ọlọ́run ló ń gbé e ró. Kì í ṣe pé mo strong. Ẹ mọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gún èèyàn tí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín rẹ̀, tí gbogbo ẹnu á kú, téèyàn á fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni... bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn láti orí dé ẹsẹ̀. Mò ń po kéèkì, mò ń fọ aṣọ iléèwé àwọn ọmọ, tí wọ́n bá pè mí mò ń dáhùn. Ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀.

Àkúrẹ́ là ń gbé. Ọmọ Àkúrẹ́ lèmi, ọmọ Oǹdó lọkọ mi, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, èmi ń ṣe kéèkì tà nílé. Ọmọ méjì la bí. Nígbà tí epo wọ́n débi pé tí ọkọ mi bá ti wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, owó oṣù ti wọlẹ̀, ló bá ta mọ́tò epo tá a ní, ó ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un mọ́ ọn, ó sì ra ọkọ̀ kékeré kan tó ń lo iná. Tòkunbọ̀ ni. Kò mọ epo rárá, bátìrì ló ń lò, sólà orí òrùlé wa la fi ń ṣáàjì rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò máa ń wá dúró wò ó. Wọ́n á ní ṣé tójò bá rọ̀, iná ẹ̀ kò ní gbé èèyàn? Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, á ṣí i fún wọn, á bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mi ò rí i kí inú ẹ̀ dùn sí nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá Oǹdó, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ mi ṣe ń pe ìyá ọkọ mi, àwọn náà fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn gan-an. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ìlú Oǹdó ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní ọkọ̀ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni, kì í pariwo. Iwájú ni wọ́n máa ń jókòó, wọ́n á gbé báàgì lé itan, wọ́n á máa kí gbogbo ẹni tá a bá kọjá lójú títì bí ẹni pé ẹsẹ̀ la fi ń rìn. Wọ́n fẹ́ràn mi, mi ò ní parọ́. Tí wọ́n bá fi èdè Oǹdó sọ̀rọ̀ kíákíá tí kò yé mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ronú pé mo ní nǹkan nínú sí ìyá ọkọ mi o. Mi ò bá wọn jà rí láti ọdún mẹ́tàlá tí mo ti wọlé wọn.

Òfin kan ṣoṣo lọkọ mi ṣe fún mi lórí ọkọ̀ náà. Ó ní mo lè wà á nínú Àkúrẹ́ o, àmọ́ kí n má gbé e lọ sọ́nà oko tàbí ọ̀nà tó bá ní kòtò, torí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ga, ìsàlẹ̀ yẹn sì ni bátìrì àti àwọn nǹkan tó ṣe pàtàkì wà. Mo ní mo ti gbọ́.

Ní Sátidé kan, mo ní kéèkì alájà mẹ́ta tí mo fẹ́ gbé lọ sí Ìjárẹ, ọjọ́ ìbí bàbá àgbà kan ni. Ọkọ mi ní kí n wọ táásì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí báyìí... táásì tó máa gbé èmi àti kéèkì nìkan lọ kó gbé mi bọ̀, gbogbo èrè ọ̀sẹ̀ kan ló máa gbà. Mo ní kò burú, màá wọ táásì. Ó lọ sípàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò jìnnà sílé wa, ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ. Bó ṣe yà sí kọ́nà báyìí ni mo mú kọ́kọ́rọ́ lára ògiri, mo gbé kéèkì sínú ọkọ̀, mo gbéra.

Àlọ dáa. Kéèkì délẹ̀ láìfarapa, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Ìgbà tí mò ń bọ̀ ni mo fẹ́ yà fún ọlọ́kadà kan, ni mo bá já sí kòtò, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sì ró gbì. Mo sọ̀kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Mò ń lọ. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àmì pupa kan yọ lójú screen, wọ́n kọ òyìnbó sábẹ́ rẹ̀, brake ni mo rí kà níbẹ̀ àti pé kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo tẹ búréèkì láti dán an wò. Ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ ẹrẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó mú. Mo rọra ń wà á bí ẹni tó gbé ẹyin, mo délé, mo pa á. Mo tún un tàn kí n lè wo àmì yẹn dáadáa. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo tún pa á, mo tún tàn án, kò sí. Mo ní Jésù, ẹ ṣé o. Mo pọn omi, mo fọ ẹrẹ̀ kúrò lára táyà, mo nù ún gbẹ, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ara ògiri. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo gbé oúnjẹ fún un. Ó bi mí pé èló ni táásì gbà. Mo dárúkọ iye kan. Mo tiẹ̀ tún ń ráhùn pé àwọn onítáásì ìsinsìnyí ò ṣàánú èèyàn.

Mo ní gbogbo ọjọ́ Sunday láti sọ ọ́. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá sọ, ó máa bínú pé mo gbé e lọ sí Ìjárẹ. Mo ní tó bá jẹ́ nǹkan gidi ni, ṣé àmì yẹn á kàn dédé lọ ni? Kí ni mo mọ̀ nípa ọkọ̀ oníná? Ìyẹ̀fun ni mo mọ̀.

Ní Monday, ọkọ mi gbàyè níbi iṣẹ́ láti lọ gbé Màmá wá láti Oǹdó, kí wọ́n lè bá wọn wo ojú wọn ní ọsibítù ní Àkúrẹ́. Èmi ni mo ṣí géètì fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo ní, "Dádì Tolú..." Ó yọ orí síta, ó ní kí ló dé. Mo ní kó máa rọra. Ó ní ọkọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ló ń rọra. Ó lọ.

Ìgbà tí wọ́n ń bọ̀, nítòsí Bọ́lọ́rundúró, ọkọ̀ agbégẹdú kan bàjẹ́ sójú títì. Wọ́n ti já ewé sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ káwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀. Ọkọ̀ wa kọjá lórí ewé náà, ó lọ wọ abẹ́ ìdí agbégẹdú, ẹ̀gbẹ́ ibi tí Màmá jókòó sí ló wọ ibẹ̀. Wọ́n ní èèyàn pọ̀ tó sáré dé, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan pariwo pé ọkọ̀ oníná ni, iná ló wà lára ẹ̀, gbogbo wọn fà sẹ́yìn. Obìnrin kan tó ń ti oko kòkó bọ̀ ló sọ agbọ̀n sílẹ̀, tó ní iná wo, ṣé ẹ ò rí i pé èèyàn ló wà nínú ẹ̀ ni. Ó fi ìró wé ọwọ́, ó fa ilẹ̀kùn. Màmá ṣì ń mí nígbà yẹn. Wọn ò dé ọsibítù. Báwo ló ṣe pẹ́ tó táwọn èèyàn yẹn fi dúró wò wọ́n? Mo ti bi gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọkọ mi ṣẹ́ lápá, orí rẹ̀ sì gbá nǹkan. Kò rántí nǹkan kan látìgbà tí wọ́n ti jáde ní Oǹdó. Nígbà tí gbogbo ẹbí péjọ, ó dìde, ó ní, "Mo sùn ni. Ọ̀sán ni, ojú ọ̀nà mọ́, ewé wà nílẹ̀. Kò sí nǹkan míì tó lè fà á. Mo sùn, mo pa ìyá mi." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ àkọ́bí Màmá, bú sẹ́kún bí ọmọdé. Èmi jókòó, mo di ike omi ọkọ mi mú, mò ń wo ìdérí rẹ̀.

Látìgbà yẹn, ọkọ mi ń bá oorun ṣọ̀tá. Tó bá jókòó tí ojú rẹ̀ fẹ́ pa dé, á dìde, á lọ bomi sójú. Mo ti rí i tó ń gbá ara rẹ̀ létí. Ó rù, ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ń fò lọ́rùn rẹ̀. Kò jókòó síwájú ọkọ̀ kankan mọ́. Ọmọ wa obìnrin béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé èèyàn lè kú tí kò bá sùn. Mo ní kó lọ ṣe homework ẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà. Wọ́n ti fà á lọ sí àgbàlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Oǹdó, wọ́n da tapólì bò ó. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe, pé iwájú nìkan ló bàjẹ́, bátìrì tó jẹ́ olówó iyebíye ṣì wà, pé nínú irú àkókò yìí, ta ló ń da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù? Ọkọ mi ní òun ò fẹ́ rí i mọ́, kí wọ́n kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ẹ̀, kí wọ́n gé e. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ dìjà. Ni mo bá sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wọn pé ẹ̀yìn ọkọ mi ni mo wà, ọkọ̀ tó pa ìyá ẹni, kò yẹ kó padà wọ àgbàlá ẹni. Gbogbo wọn mirí. Ọkọ mi na ọwọ́ rẹ̀ tó dáa, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń ṣe òun. Mo jẹ́ kó dì í mú. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jẹ́ kó dì í mú! Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé tí wọ́n bá ti gé ọkọ̀ náà, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ò jáwọ́. Wọ́n pe Ẹnjiníà kan láti Àkúrẹ́ tó mọ̀ nípa ọkọ̀ oníná, wọn ò sọ fún ọkọ mi, èmi ni wọ́n ní kí n bá a lọ torí pé wọ́n máa wà níbi iṣẹ́. Torí náà, èmi àti Ẹnjiníà nìkan ló wà ní àgbàlá yẹn. Ó ká tapólì kúrò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí ọkọ̀ náà látìgbà ìjàǹbá yẹn. Bàtà Màmá kan ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo mú un, mo fi sínú báàgì mi. Ẹnjiníà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ki wáyà kan bọ abẹ́ sítíárì, ó so ó mọ́ laptop. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Ó wá ní, "Ma, ẹ wá àga jókòó."

Ó ní ọkọ̀ yìí máa ń kọ ohun tó bá ṣe é sílẹ̀. Ó ní ìkìlọ̀ búréèkì ti kọ́kọ́ wá ní ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ méjì ṣáájú. Ó ní ta ló wà á ní Sátidé? Mo ní ọkọ mi ni.

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Mi ò rò ó. Mo tún parọ́ mọ́ ọkùnrin tí kò sùn.

Ẹnjiníà mirí, ó ní áà, dádì ì bá ti gbé e wá. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó kù. Ó ní, "Ma, ṣé wọ́n ní wọ́n sùn ni? Ẹni tó ń sùn kì í tẹ búréèkì. Ẹ wò ó níbí. Wọ́n ti rí agbégẹdú yẹn. Wọ́n tẹ búréèkì dé ilẹ̀, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Kò dá wọn lóhùn ni."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ó ní ọkọ̀ náà ṣeé tún ṣe, pé panẹ́ẹ̀lì-bítà lè na iwájú rẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tó ń gbé búréèkì ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀, bátìrì náà sì ti ha nísàlẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i wò kí ẹnikẹ́ni tó tún ṣáàjì rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fún Ẹ̀gbọ́n ní ìwé rẹ̀, èmi ni kó fún. Ó wò mí títí. Ọjọ́ kejì ló gbé e wá sílé fún mi ní Àkúrẹ́, ó ní ẹ̀yin lẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa bá wọn sọ ọ́. Èmi wá pe Ẹ̀gbọ́n, mo ní Ẹnjiníà ní kò ṣeé tún ṣe mọ́, pé bátìrì lè gbiná nígbàkigbà. Wọ́n ní ó dáa, kí wọ́n kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ẹ̀. Wọ́n ti bá àwọn tó ń gé ọkọ̀ ta ní ẹyọ ẹyọ sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá gbé e. Ẹnì kan máa ra búréèkì yẹn náà, àbí? Ẹnì kan máa rà á, á lọ so ó mọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Ohun tó mú kí n kọ̀wé sí yín lónìí ni èyí. Sunday tó ń bọ̀ ni ìsìn ìrántí Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Oǹdó. Ọkọ mi ti lọ bá àlùfáà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láyè láti dìde níwájú gbogbo ìjọ, kóun jẹ́wọ́ pé òun sùn nídìí ọkọ̀ òun sì pa ìyá òun, kóun tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí Màmá kọ́ níwèé àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí ló gbé e wá bá mi ní kíṣìnnì, níbi tí mo ti ń po ìyẹ̀fun, ó ní kí n bá òun kà á bóyá ó ti gùn jù. Mo kà á. Ọwọ́ mi tó ní ìyẹ̀fun hàn létí ìwé náà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyàwó òun nìkan ló dúró ti òun. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Mo ní kò gùn jù, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní, "O ṣé."

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tó wà lórí page yìí, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ ọ́, ọkọ mi á sùn. Mo mọ̀ pé á sùn. Ṣùgbọ́n ta ló máa wá jẹ́ apànìyàn nílé wa? Ta ni àwọn ọmọ mi máa máa wò lójú? Ṣé ọkùnrin lè máa bá ẹni tó pa ìyá rẹ̀ gbélé, tí ẹni náà tún jókòó tì í, tó ń wò ó kó máa gbá ara rẹ̀ létí? Tí mi ò bá sọ ńkọ́? Sunday á dé, á dìde, èmi á sì jókòó síwájú níbẹ̀ nínú aṣọ dúdú.

Ojú ewé méjì ni ìwé Ẹnjiníà. Èkíní ló sọ pé ọkọ mi ò sùn, pé ó tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mejì, pé ó gbìyànjú láti gba ìyá rẹ̀ là. Èkejì ló ní Sátidé nínú. Pín-ìn-nì kékeré kan ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀, mo sì ti tú u. Mo tẹ́ wọn sórí tábìlì báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí mo ṣe ń kọ eléyìí sí yín, ọkọ mi wà ní pálọ̀, mò ń gbọ́ tó ń rìn lọ rìn bọ̀ kí oorun má baà gbé e. Ṣé kí n fún un ní ẹyọ kan, àbí méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi, mi ò ní gbọ́ èébú náà rárá. Ẹ kàn sọ fún mi, ṣé ẹyọ kan ni, àbí méjèèjì?